Àwọn ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀ tó kan mẹ̀kúnnù, àti bí a ṣe ń kọ̀wé síbẹ̀ (Àjàṣẹ́, Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́)

Adéṣínà Kétu

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àríyànjiyàn kan wà nílẹ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àtàwọn ọlọ́jà ní Kétu níbí. Àwọn kan ní Ilé-Ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó wà ní Kútọnu, ti àwọn olóṣèlú ni, pé ìgbà ìdìbò nìkan là ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn ní rárá, pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ̀wé síbẹ̀, bí kò tilẹ̀ lówó agbẹjọ́rò. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo gbé síwájú ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin. Ìdájọ́ wo gan-an ló ti yí nǹkan padà fún mẹ̀kúnnù? Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ìwé náà tí wọn ò fi ní dá a nù? Bí èèyàn bá sì jàre, kí ló kù tó gbọ́dọ̀ ṣe? Ẹ bá wa fi ọdún àti nọ́ńbà sí i, torí ẹni tó bá mú irú ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú ọ̀gá ọlọ́pàá láìsí nọ́ńbà, ẹnu lásán ló mú dání.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n Adéṣínà, ẹ kú ìbéèrè. Àwọn tó ní ti olóṣèlú nìkan ni kò ka abala 3 òfin ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1990. Ó wà níbẹ̀ gbangba pé gbogbo ọmọ ìlú ló lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ síwájú Ilé-Ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀ nítorí òfin, ìwé àṣẹ tàbí ìgbésẹ̀ ìjọba tó bá rò pé ó ta ko òfin ìpìlẹ̀. Abala 122 là á sí ọ̀nà méjì: ẹ lè lọ tààrà, tàbí kí ẹ gbé e dìde nínú ẹjọ́ tẹ́ ẹ ń jẹ́ lọ́wọ́ ní kóòtù mìíràn.

Ẹ má fojú kéré ẹ̀tọ́ yìí. Ní Faransé tí a ti mú ọ̀pọ̀ nínú òfin wa, ọdún 2010 ni ará ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ láǹfààní láti bi ìgbìmọ̀ òfin-ìpìlẹ̀ wọn léèrè nípa òfin tó ti ń ṣiṣẹ́, àfi kó tún gba ọwọ́ kóòtù mìíràn kọjá. Tiwa ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù Kẹfà 1993, tààrà sì ni.

Èèyàn méje ló ń jókòó níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń darí Ilé Aṣòfin ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ló ń yan mẹ́rin, Ààrẹ ń yan mẹ́ta. Abala 114 ní òun ló ga jù nínú ọ̀rọ̀ òfin ìpìlẹ̀, òun ló sì ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Abala 124 ní ìdájọ́ rẹ̀ kò ní ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì de gbogbo aláṣẹ: ti ìjọba, ti ológun, ti kóòtù.

Nípa nọ́ńbà: DCC ni ìkékúrú "ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀" lédè Faransé. Bí ẹ bá rí DCC 06-074, ìdájọ́ kẹrìnléláàádọ́rin ti ọdún 2006 ni. Ọdún ló ń ṣáájú. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ mọ́ ọn nígbà gbogbo.

Ìyá Fẹ́mi Ouando

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti àwọn obìnrin, torí ibẹ̀ ni mo rí i pé àwọn èèyàn wa kò mọ̀ tó.

Àkọ́kọ́ ni DCC 96-063 ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1996. Ìwé àṣà kan wà tí ìjọba amúnisìn Faransé kó jọ, tí wọ́n fi ìwé àṣẹ ọdún 1931 tì lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní Coutumier du Dahomey. Ìwé náà ka obìnrin mọ́ ohun ìní ọkọ, ó ní ó wà lára ogún. Ọ̀pọ̀ kóòtù ṣì ń fi í dá ẹjọ́ ogún àti ẹjọ́ ìgbéyàwó títí di ìgbà náà. Ilé-Ẹjọ́ ní ìwé yẹn kò ní agbára òfin rárá ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Bí mọ̀lẹ́bí bá tún dìde lónìí pé "àṣà tó wà nínú ìwé ló sọ pé ọmọbìnrin kì í jogún ilẹ̀", ìwé tí wọ́n ń fi yangàn ti kú láti 1996.

Èkejì, DCC 02-144 ti ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 2002. Ilé Aṣòfin ti fọwọ́ sí òfin tuntun nípa ènìyàn àti ìdílé ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn. Òfin náà gba ọkùnrin láàyè láti yan ìgbéyàwó oníyàwó-púpọ̀, kò sì sí irú ààyè bẹ́ẹ̀ fún obìnrin. Ilé-Ẹjọ́ mú abala 26 dání, èyí tó ní ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba lójú òfin, ó sì dá òfin náà padà. Aṣòfin tún un ṣe, ó sì jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 2004 pẹ̀lú ìgbéyàwó aláya-kan nìkan.

Ẹ̀kẹta, DCC 09-081 ti ọjọ́ 30 oṣù Keje 2009, lórí àgbèrè. Nínú òfin ọ̀ràn tí a jogún lọ́wọ́ amúnisìn, abala 336 sí 339, ibi yòówù kí ìyàwó ti ṣe é, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é. Ọkọ ńkọ́? Àfi tó bá mú àlè wá sínú ilé tí òun àti ìyàwó jọ ń gbé, owó ìtanràn ló sì máa san. Ilé-Ẹjọ́ ní ìyàtọ̀ yẹn ta ko ìdọ́gba. Kíyè sí i pé kò sọ pé àgbèrè dára, kò sì sọ pé aṣòfin kò lè fìyà jẹ ẹ́. Ohun tó sọ ni pé tí ìyà bá máa wà, kó jẹ́ bákan náà fún tọkọtaya.

Ọlátúndé Ṣábẹ̀ẹ́

Ìyá Fẹ́mi, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bó ṣe rí. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Kétu, ní Àjàṣẹ́ pàápàá, àwọn ọkùnrin ṣì ń fẹ́ ìyàwó méjì mẹ́ta. Ogún ọdún ó lé lẹ́yìn òfin yẹn, kí ni ìdájọ́ náà wá ṣe?

Ìyá Fẹ́mi Ouando

Ó ṣe ohun kan tó ṣe pàtàkì gan-an, Ọlátúndé, ó sì yẹ kí gbogbo ìyàwó ilé mọ̀ ọ́n. Ìgbéyàwó tí òfin mọ̀ ni èyí tí aláṣẹ ìforúkọsílẹ̀ ní ilé ìjọba ìbílẹ̀ so. Èyí tí a ṣe nílé pẹ̀lú orógbó àti oyin, tàbí ní mọ́ṣáláṣí, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, iyì rẹ̀ wà lójú ẹbí, àmọ́ kò fún ìyàwó ní ẹ̀tọ́ opó lójú òfin. Èyí túmọ̀ sí pé ìyàwó kejì àti ìkẹta kò lè jogún ọkọ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Ìyàwó àkọ́kọ́ tí kò bá lọ forúkọ sílẹ̀, inú ewu kan náà ló wà, kì í ṣe pé ó ṣáájú làá fi gbè é.

Ti àwọn ọmọ yàtọ̀ pátápátá. Ọmọ ìyàwó kẹta ń jogún bàbá rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, ọmọbìnrin dọ́gba pẹ̀lú ọmọkùnrin, níwọ̀n ìgbà tí bàbá bá ti jẹ́wọ́ ọmọ náà nínú ìwé. Nítorí náà, ìwé ìbí tó ní orúkọ bàbá ni kí ìyá mú dání, kó má dúró de ìgbà tí ọkùnrin bá kú kó tó wá a. Níbi ìwé ìbí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ogún ti ń wó, kì í ṣe níbi òfin.

Alágbàwí Kútọnu

Mo rí i pé ìbéèrè kejì Ẹ̀gbọ́n Adéṣínà ṣì wà nílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé tí mẹ̀kúnnù ń kọ, ti àtìmọ́lé ni. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀.

Abala 18 ní kò sí ẹni tí wọ́n lè tì mọ́ garde à vue (àtìmọ́lé ọlọ́pàá) ju wákàtí 48 lọ, àfi tí adájọ́ tí wọ́n mú un dé iwájú rẹ̀ bá pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Àfikún ọjọ́ náà kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 8, kódà nínú ọ̀ràn tó le jù. Abala kan náà ló fòfin de ìdálóró àti ìwà àbùkù. Ẹ wò ó dáadáa: abala náà kò yọ ọjọ́ Sátidé, Sọ́ńdè tàbí ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n mú ní alẹ́ Fúráídè, wákàtí rẹ̀ ń sáré lọ bí ti ẹni tí wọ́n mú ní Mọ́ńdè.

Gbèsè ni ekejì. Ẹnì kan yá owó, kò rí i san, olówó lọ sí kọmisaríà (àgọ́ ọlọ́pàá), wọ́n ti olùyáwó mọ́lé kí ẹbí lè sáré wá owó. Bí kò bá sí jìbìtì nínú rẹ̀, àdéhùn láàárín èèyàn méjì ni, ẹjọ́ kóòtù ni. Ilé-Ẹjọ́ ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé irú àtìmọ́lé bẹ́ẹ̀ kò bófin mu, ì báà má tó wákàtí 48, torí pé ìdí tí wọ́n fi tì í gan-an ni kò sí nínú òfin.

Bí ìwé náà ṣe rí nìyí. Ààrẹ Ilé-Ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀ ní Kútọnu lẹ ń kọ ọ́ sí. Orúkọ àbísọ àti orúkọ ẹbí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àdírẹ́sì tó ṣe kedere (àdúgbò, ilé, ìlú, kì í ṣe "Kétu" lásán), àti ìbuwọ́lùwé tàbí ìtẹ̀ka. Kò sí owó tí wọ́n ń gbà. Agbẹjọ́rò kì í ṣe dandan. Ẹ lè mú un lọ fúnra yín tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá mú un lọ, ẹ mú ẹ̀dà kejì dání kí wọ́n fi òǹtẹ̀, ọjọ́ àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ lé e. Nọ́ńbà yẹn lẹ máa fi tọpa rẹ̀.

Nínú ìwé náà, ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé: ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n mú èèyàn, ibi tí wọ́n tì í mọ́, ẹni tó pàṣẹ tẹ́ ẹ bá mọ orúkọ tàbí ipò rẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n tú u sílẹ̀ tàbí mú un dé iwájú agbẹjọ́rò ìjọba. Lẹ́yìn náà, ẹ dárúkọ abala tẹ́ ẹ rò pé wọ́n tẹ̀ lójú, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ ń fẹ́: kí Ilé-Ẹjọ́ kéde pé ìgbésẹ̀ náà ta ko òfin ìpìlẹ̀. Ojú ìwé kan àbọ̀ tó.

Adéṣínà Kétu

Ẹ ṣé gan-an, Alágbàwí. Kí wá ni ó ń mú kí wọ́n dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ nù?

Alágbàwí Kútọnu

Ọ̀pọ̀ nǹkan. Ìwé tí kò ní ìbuwọ́lùwé tàbí àdírẹ́sì, wọn kì í gbà á wọlé. Síbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá kan ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gidi, abala 121 fún Ilé-Ẹjọ́ láyè láti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fọkàn lé e.

Ẹgbẹ́ tí kò ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba kò lè pẹjọ́ lórúkọ ẹgbẹ́. Ọ̀nà àbáyọ rọrùn: kí ọmọ ẹgbẹ́ kan kọ ọ́ lórúkọ ara rẹ̀.

Èyí tó ń pa ìwé jù ni pé kí èèyàn gbé ẹjọ́ tí kì í ṣe tibẹ̀ lọ síbẹ̀. Bí aláṣẹ kan kò bá tẹ̀ lé òfin iṣẹ́ ìjọba, tàbí ẹnì kan ta ilẹ̀ yín, tàbí ọ̀gá iṣẹ́ kò sanwó, Ilé-Ẹjọ́ á ní òun ń wo bí nǹkan ṣe bá òfin ìpìlẹ̀ mu, òun kì í wo bó ṣe bá òfin lásán mu, yóò sì kéde pé kò sí lábẹ́ àṣẹ òun. Ìdájọ́ kóòtù náà kì í sábà ṣe é gbé lọ síbẹ̀, àfi tí ìdájọ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀ bá tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mọ́lẹ̀. Ní DCC 09-087, ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ 2009, ó ti kéde bẹ́ẹ̀ lórí ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fúnra rẹ̀, nínú ẹjọ́ ilẹ̀. Ìdájọ́ yẹn dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn adájọ́, àwọn kan ò sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀rí ńkọ́? Ẹni tó bá ní wọ́n lu òun nínú àtìmọ́lé, ìwé dókítà ló gbọ́dọ̀ mú wá, kó sì jẹ́ ti ọjọ́ tó sún mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Láìsí i, Ilé-Ẹjọ́ máa ń sọ pé ẹ̀sùn náà kò fìdí múlẹ̀, kódà nígbà tó bá gbà pé wákàtí 48 ti kọjá. Kí ẹbí gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ tó bá jáde gan-an, kí ojú ọgbẹ́ tó gbẹ.

Ẹ má retí pé ọ̀la ni ìdájọ́ máa jáde. Abala 120 ní ọjọ́ 15, àmọ́ ó sábà máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà: Ilé-Ẹjọ́ á kọ̀wé sí ọ̀gá kọmisaríà pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Tí kò bá fèsì, wọ́n á dá ẹjọ́ lórí ohun tó wà nílẹ̀.

Ọlátúndé Ṣábẹ̀ẹ́

Ká ní ó jàre wàyí. Ṣé wọ́n á tú ẹni tó ṣì wà látìmọ́lé sílẹ̀? Ṣé wọ́n á sanwó fún un?

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Ilé-Ẹjọ́ yìí kì í pàṣẹ ìtúsílẹ̀, kì í sì í dá iye owó. Ó ń kéde ni. Ṣùgbọ́n ìkéde yẹn lágbára. Láti DCC 02-052, ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2002, Ilé-Ẹjọ́ ti fi lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú. Ṣáájú ìgbà náà, ìdájọ́ á kàn sọ pé wọ́n ṣẹ̀ ọ́, á sì parí síbẹ̀.

Bí ẹ ṣe ń lọ gba owó náà: ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tó ní òǹtẹ̀ Ilé-Ẹjọ́. Ẹ gbé e lọ sí kóòtù ẹjọ́ aráàlú tó wà ní agbègbè yín, kẹ́ ẹ pe Ìjọba lẹ́jọ́. Ẹni tó ń dúró fún Ìjọba nínú ọ̀ràn owó ni Agent judiciaire du Trésor. Ní kóòtù yìí, kò sí ẹni tó tún lè jiyàn pé wọn ò tẹ ẹ̀tọ́ yín lójú, torí abala 124 ti de adájọ́ náà. Iye ni ẹ máa jà lé lórí. Fún ìdí èyí, gbogbo ìwé ẹ̀rí àdánù ni kẹ́ ẹ kó jọ: rìsíìtì oògùn, ìwé ilé ìwòsàn, ohun tó fi hàn pé iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mélòó. Agbẹjọ́rò wúlò níbí o, yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń jàre ní Kútọnu, tí wọ́n ń lẹ ìdájọ́ mọ́ ògiri, tí wọn ò gbé ẹsẹ̀ kejì. Ó ń dùn mí bí mo bá rí irú rẹ̀, torí iṣẹ́ tó le jù ni wọ́n ti ṣe tán.

Alágbàwí Kútọnu

Kí n fi ọ̀nà kejì inú abala 122 kún un, torí kò gba ìrìn àjò kankan. Tẹ́ ẹ bá wà níwájú adájọ́ níbikíbi, tí òfin tí wọ́n fẹ́ fi dá ẹjọ́ yín sì ta ko òfin ìpìlẹ̀, ẹ sọ ọ́ síta níbẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún adájọ́. Òun kò láṣẹ láti sọ pé ẹ jàre tàbí ẹ jẹ̀bi lórí kókó yẹn. Ó gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ dúró, kó fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí Ilé-Ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀, tí yóò fèsì láàárín ọjọ́ 30. Ọ̀nà yìí ló wúlò jù fún òfin tó ti pẹ́ nílẹ̀.

Ohun tó ń bà á jẹ́: àwọn agbẹjọ́rò kan ń fi fa ẹjọ́ gùn. Wọ́n á gbé òfin tí kò kan ẹjọ́ náà dìde, tàbí èyí tí Ilé-Ẹjọ́ ti dá ẹjọ́ lé lórí tẹ́lẹ̀. Irú ìyẹn, wọn ò ní gbà á wọlé, oníbàárà ló sì ń fi oṣù kan ṣòfò.

Tìjání Pobè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. A ti sọ ti ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Agbára ìjọba ńkọ́? Ibẹ̀ ni Ilé-Ẹjọ́ yìí ti gba orúkọ rere ní Áfíríkà.

Ẹ rántí 1996. Mathieu Kérékou wọlé ìbò, ó búra ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin. Abala 53 ní kí Ààrẹ búra níwájú Ọlọ́run, ẹ̀mí àwọn baba ńlá, orílẹ̀-èdè àti àwọn èèyàn Bẹ̀nẹ̀. Ó fo "ẹ̀mí àwọn baba ńlá". Lọ́jọ́ kejì, DCC 96-017, Ilé-Ẹjọ́ ní ìbúra yẹn kò bá òfin ìpìlẹ̀ mu, Kérékou sì tún ìbúra náà ṣe ní ọjọ́ 6. Nílẹ̀ wa tí a ti ń bọ Orò, tí a ń ṣe Egúngún àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kò sí ẹni tó nílò àlàyé ìdí tí gbólóhùn yẹn fi wúwo. Ohun tí òfin fi kọ́ wa níbẹ̀ ni pé Ààrẹ kò lè ṣa èyí tó wù ú nínú òfin ìpìlẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù lójú tèmi ni DCC 06-074, ọjọ́ 8 oṣù Keje 2006. Àwọn aṣòfin tí a dìbò yàn ní 2003 fún ọdún 4 rí i pé ìgbà wọn fẹ́ẹ́ pé. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà 2006, wọ́n tún abala 80 ṣe, wọ́n sọ ọdún 4 di 5, wọ́n sì ní kó bẹ̀rẹ̀ lórí ara wọn. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún tí abala 155 béèrè, wọ́n ní in. Tẹ́ ẹ bá wo ìlànà nìkan, kò sí àléébù.

Ilé-Ẹjọ́ kò dúró síbẹ̀. Ó ní òfin ìpìlẹ̀ yìí bí láti inú Àpérò Orílẹ̀-èdè oṣù Kejì 1990, níbi tí gbogbo ẹ̀yà ìlú ti fohùn ṣọ̀kan, àti pé ìfohùnṣọ̀kan yẹn jẹ́ ìlànà tó ní agbára òfin ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀. Iye ìbò nínú Ilé Aṣòfin nìkan kò tó láti tún un ṣe. Ó wọ́gi lé e. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2007, a dìbò yan aṣòfin tuntun, bó ṣe yẹ kó rí.

Ọdún 2011 tún fi èdìdì dì í, DCC 11-067 ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, lórí òfin tó ń ṣètò référendum, ìyẹn ìbò tí gbogbo aráàlú fi ń sọ bóyá wọ́n gba òfin kan tàbí wọn ò gbà á. Ó ní àwọn ohun tí Àpérò 1990 fi ṣe ìpìlẹ̀ kò ṣe é fi référendum pàápàá yí padà: ìjọba olómìnira tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn, sáà méjì péré fún Ààrẹ, gbèdéke ọjọ́ orí 40 sí 70, àti irú ìjọba tí Ààrẹ ń darí. Ààrẹ Thomas Boni Yayi lọ nígbà tí sáà rẹ̀ kejì pé ní 2016.

Ọlátúndé Ṣábẹ̀ẹ́

Bọ̀dá Tìjání, ẹ máa bá a lọ sí 2018, ẹ má dúró síbi tó dùn.

Tìjání Pobè

Òótọ́ ni, ó yẹ ká sọ ọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní 2018, DCC 18-001, nígbà tí Théodore Holo jẹ́ ààrẹ Ilé-Ẹjọ́, wọ́n ní aṣòfin kò lè gba ẹ̀tọ́ ìyanṣẹ́lódì kúrò lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan pátápátá. Abala 31 fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ náà. Aṣòfin lè ṣe ìlànà fún un, kò lè pa á. Oṣù Kẹfà, àwọn méje tuntun gba ipò. Joseph Djogbénou, tó ti jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́, ló di ààrẹ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kan náà, DCC 18-141 yí i padà: ìfòfindè ìyanṣẹ́lódì fún àwọn òṣìṣẹ́ ààbò, ìdájọ́ àti ìlera kò ta ko òfin ìpìlẹ̀. Oṣù márùn-ún péré ló wà láàárín méjèèjì. Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, òfin 2018-34 jáde. Fún àwọn tó ṣì lè yanṣẹ́ lódì, kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 10 lọ́dún, ọjọ́ 7 láàárín oṣù mẹ́fà, ọjọ́ 2 lóṣù.

Alágbàwí Kútọnu

Ilé-ẹjọ́ kankan kò fi ara rẹ̀ ṣẹrú ọ̀rọ̀ àná títí láé. Yíyí ìdájọ́ padà wà káàkiri ayé, abala 124 kò sì sọ pé Ilé-Ẹjọ́ kò lè tún èrò ara rẹ̀ rò. Ọ̀rọ̀ aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí nọ́ọ̀sì kò sí níbi iṣẹ́ náà wà nínú ẹ̀rí ọkàn àwọn tó dá ẹjọ́ yẹn.

Tìjání Pobè

Mo gbọ́, mo sì gba ti aláìsàn. Àmọ́ ọ̀nà láti dáàbò bo aláìsàn wà: kí òṣìṣẹ́ díẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà ìyanṣẹ́lódì. Ìlànà nìyẹn, DCC 18-001 sì ti fàyè gbà á. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀rọ̀ inú òfin kò yí, àwùjọ kò yí láàárín oṣù márùn-ún, àwọn tó jókòó ló yí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìdájọ́ jà lónìí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ṣì dúró.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Ìmọ̀ràn tó wúlò jù níbí nìyẹn, Bọ̀dá Tìjání. Kẹ́ ẹ tó kọ nọ́ńbà DCC sínú ìwé yín, ẹ wá ìdájọ́ tuntun lórí abala kan náà. Ti wákàtí 48 kò tíì yẹ̀. Ti ìyanṣẹ́lódì ti yẹ̀.

Ti ìfohùnṣọ̀kan náà ní apá kejì. Ní oṣù Kọkànlá 2019, Ilé Aṣòfin tí ẹgbẹ́ òṣèlú méjì péré wà nínú rẹ̀ tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe, òfin 2019-40, Ilé-Ẹjọ́ tiwa sì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 2020, Ilé-Ẹjọ́ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tó wà ní Arusha, ní Tanzania, sọ nínú ẹjọ́ oníṣòwò Sébastien Ajavon pé àtúnṣe yẹn kò ní ìfohùnṣọ̀kan, pé kí Bẹ̀nẹ̀ wọ́gi lé e. Bẹ̀nẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba sì ti yọ ìwé tó fún ará ìlú láyè láti lọ sí Arusha tààrà ní oṣù Kẹta 2020. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta 2021, ilẹ̀kùn yẹn tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbọ́ kí ẹnì kan ṣèlérí pé òun á bá yín gbé ẹjọ́ tuntun lọ sí Arusha lórúkọ ara yín, ẹ má fún un lówó.

Ìyá Fẹ́mi Ouando

Ìbéèrè kan kù tí àwọn ìyá ọjà máa bi yín. Ẹni tí kò mọ ìwé kọ ńkọ́? Èdè wo ni wọ́n fi ń kọ ọ́? Àwọn mìíràn sì ń ta ọjà lọ́dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà ní Ìlárá àti Ìdìrókò. Tí wọ́n bá mú wọn lọ́hùn-ún ńkọ́?

Alágbàwí Kútọnu

Èdè Faransé ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, òun ni èdè ìjọba. Ẹnikẹ́ni ló lè bá ìyá náà kọ ọ́. Àmọ́ kí ẹni tó kọ ọ́ kà á fún un ní Yorùbá kó gbọ́ ọ yé, torí orúkọ tirẹ̀ ni yóò wà lókè, ìtẹ̀ka tirẹ̀ ni yóò wà nísàlẹ̀. Kí akọ̀wé má buwọ́ lù ú ní ipò rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá mú lẹ́yìn ẹnubodè, òfin Nàìjíríà ló bá a. Abala 35 tiwọn ní ọjọ́ kan tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ méjì níbòmíràn, tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá rí i pé ó yẹ. Ilé-Ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀ tiwa kò lè sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Ilé-iṣẹ́ aṣojú Bẹ̀nẹ̀ lọ́hùn-ún àti agbẹjọ́rò ibẹ̀ ni kí ẹbí tètè kàn sí.

Adéṣínà Kétu

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan fún àwọn ọlọ́jà. Ìkan péré ló kù: tí wọ́n bá mú ẹnì kan lálẹ́ òní ní Kétu, kí ni ẹbí gbọ́dọ̀ ṣe kí wákàtí 48 tó pé?

Alágbàwí Kútọnu

Kí ẹnì kan lọ sí kọmisaríà lálẹ́ òní gan-an, kó béèrè ìdí tí wọ́n fi mú un àti wákàtí tí wọ́n kọ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn tó wà látìmọ́lé. Kó kọ wákàtí náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tàbí ipò ẹni tó dá a lóhùn. Tí èèyàn méjì bá jọ lọ, ó sàn jù, torí ẹnì kejì ni ẹlẹ́rìí. Kó mú oúnjẹ àti oògùn rẹ̀ dání, kó sì béèrè fún dókítà tí ara onítọ̀hún kò bá dá. Tí wákàtí 48 bá ti ń sún mọ́, kó lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba ní kóòtù tó bojú tó agbègbè náà, kó fún un ní ìwé tó ní wákàtí tí wọ́n mú èèyàn rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń tú èèyàn sílẹ̀ nìyẹn. Ìwé ti Kútọnu lè wá lẹ́yìn, tòun ti ẹ̀dà èyí tí agbẹjọ́rò ìjọba ti gbà.